A-Dúpẹ́ Tí Mo Sọ Lójú Títì

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, onídìrí Ọ̀rányàn. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Èmi Sìdíkátù ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú Òyìnbó. Mo kí Bọ̀dá Mùfú, ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kí wọ́n rọra kà á o, kí wọ́n má fo ibi kankan nítorí pé ó ń dun ni.

Bọ̀dá Mùfú ti ń sọ pé mo ti di Òyìnbó, pé mo ti gbàgbé ilé, nítorí owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kò dé mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ló gbá mi látẹ̀yìn. Òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, mò ń wa ọkọ̀ mi bọ̀ láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń gbé wọn dìde, tí mo ń wẹ̀ fún wọn. Iná pupa dá mi dúró. Ibi tí mo dúró sí jẹ́ẹ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ti wá kọ lu ìdí ọkọ̀ mi. Orí mi fì síwájú, ó tún fì sẹ́yìn. Nígbà tí mo fi máa sọ̀kalẹ̀, ọkùnrin tó gbá mi ti ń gbọ̀n, ó ń bi mí bóyá mo farapa. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó fara balẹ̀, pé kò sóhun tó ṣe mí, a dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan láti ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ pè mí, ó bèèrè bí mo ṣe wà. Ọrùn ti ń ro mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń fi ìrora dáhùn ìkíni? Mo ní dáadáa ni, a dúpẹ́.

Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ rántí ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, tí Alhájà láti Kúdẹtì yà kí wa, tí mo ní ara mi ò yá. Bí wọ́n ṣe lọ tán lẹ bá mi wí, pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ á kọ́kọ́ ní alihamudulilahi, ìyókù á tẹ̀lé e. Níbí, wọn kì í dúró de ìyókù.

Ìyókù sì dé. Ọrùn mi gan, n kò lè wẹ̀yìn. Ìka ọwọ́ ọ̀tún mi wá kú tipiri. Dókítà ní eegun kankan kò ṣẹ́, iṣan ni, ó sì lè máà padà sípò mọ́. Ilé ìtọ́jú kò fẹ́ ẹni tí kò lè gbé arúgbó. Irun tí mo ń dì fáwọn obìnrin wa lópin ọ̀sẹ̀, tí mo ti ń rí ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé, òun náà ti parí. Mo gbìyànjú ṣùkú lórí ọmọ aládùúgbò mi kan, ọwọ́ mi kò mọ̀ bóyá ó di irun mú. Iṣẹ́ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ ti bọ́, Ìyá mi. Mo sunkún.

Níbí, ẹni tó bá gbáni látẹ̀yìn ló sábà máa ń jẹ̀bi. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà tún ọkọ̀ mi ṣe, ìdí rẹ̀ ń dán bíi tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bèèrè owó gbà-má-bínú fún ọrùn àti ọwọ́ mi, wọ́n ní ẹnu ara mi ni mo fi sọ pé kò sóhun tó ṣe mí. Wọ́n ti gba ohùn mi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin yẹn pè mí. Lọ́yà mi gbé e sí mi létí, mo gbọ́ ara mi tí mò ń dúpẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹran iléyá wá bá. Mo ṣàlàyé pé bí a ṣe ń kíra wa nìyẹn. Ó ní òun gbà mí gbọ́, àmọ́ kí n má fọkàn sí owó náà mọ́. Ẹ máa ń sọ pé ẹni tó dúpẹ́ oore àná á rí òmíràn gbà. Èmi dúpẹ́ ibi, ọwọ́ òfo ni mo gbà.

Ká ní Bẹẹrẹ nílé lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ti gbá mi ni, àwọn tí n kò mọ̀ rí ìbá ti bá mi bínú, wọn ìbá ti sọ fún mi pé kí n má dákẹ́. Níbí, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá, òtútù ń mú, ọwọ́ náà ń le sí i. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ lẹ́tà yìí.

Ẹ máa pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ bí ẹ ti máa ń ṣe, ẹ ó sì bèèrè bóyá àlàáfíà ni. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ jẹ́ kí n ní rárá. Ẹ má bá mi wí.

Kí Ọlọ́run dá ọwọ́ yín sí fún yín. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, ẹ kí àwọn oníbàárà yín, ẹ kí Alhájà ti Kúdẹtì.

Èmi ni ọmọ yín, tí ara rẹ̀ kò yá,
Sìdíkátù