Orúkọ Tí Mo Sọ Wọ́n Nídìí Agbada

Màámi, ìyá mi àtàtà,

Ilé ọkọ ni mo ti ń kọ èyí, ní Odigbo. Ẹ má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe rí, ẹ ṣáà mọ ibi tí mo bá ìwé dé. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, ojú ló ń tì mí. Ṣé ojú ṣì máa ń ti ọmọ lọ́dọ̀ ìyá tó ti lọ?

Ọkọ mi dáa, Màámi. Ká ní ẹ rí i, ẹ̀ bá fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ó sì ní kí n máa mójú tó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi! Èmi tí ẹ máa ń rán lọ́jà, tí mo máa ń dé lọ́wọ́ òfo torí mi ò lè la ẹnu ná ọjà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ń yan, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń jọ̀. Ọkọ mi wá gba Bọ́sẹ̀ kún wọn láti Ago Alaye, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Tí mo bá fẹ́ bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi níṣẹ́, màá kúnlẹ̀, màá ní ẹ jọ̀ọ́ mà, kí n tó sọ ìyókù, ohùn mi ti wọlẹ̀. Orúkọ Bọ́sẹ̀ nìkan ni mo lè pè. Bọ́sẹ̀, koná. Bọ́sẹ̀, gbé ẹ̀gẹ́ wá. Bọ́sẹ̀, bá wa wo agbada. Mi ò mọ̀ pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń di gbogbo ẹrù lé.

Lọ́jọ́ kan ó ju igbá tó fi ń ro gàrí sílẹ̀.

"Àǹtí Ìyàwó, ṣé orúkọ tèmi nìkan lẹ mọ̀ láyé yìí ni?"

Àbúrò ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ago Alaye, ṣebí orúkọ rẹ ló dùn ún pè."

Bọ́sẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó gun ọ̀kadà, ó pa dà sí Ago Alaye. Kálukú rò pé ẹlòmíì ń wo iná, gàrí jóná, mọ́tò tó fẹ́ kó o lọ sí Ore pa dà lófìfo. Ọkọ mi ò bú mi. Ó kàn ní bóyá kí òun gba ọ̀gá kan láti Ore, tó máa lè pariwo mọ́ wọn. Màámi, ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo lọ kúnlẹ̀ nílé àdúrà, ẹ̀yin ni mò ń rántí. Ní Ajue, nílé ọkọ tiyín, ẹ kì í dúró lókèèrè pe ẹnikẹ́ni. Ẹ máa rìn débẹ̀ ni. Àbúrò bàbá mi tí kò mọ̀wé, tó kàn máa ń fi bírò sẹ́yìn etí, ẹ ní, "Akọ̀wé mi, ẹ bá mi gbé àpò yìí," á sì gbé e bí ẹni gbé ìyẹ́. Lọ́jọ́ tá a sin yín, ó ń bi ilẹ̀ léèrè: "Ta ni yóò máa pè mí ní Akọ̀wé?" Mo rò pé ẹkún lásán ni.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ kúnlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nídìí agbada. Mo pè é ní Ìyá Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀, torí gàrí ọwọ́ rẹ̀ kì í ní kókó. Ó ń ro gàrí lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Tún un pè." Àbúrò ọkọ mi, mo pè é ní Eyínmẹ́nugún. Ó ní ṣé ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí eyín òun! Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹni tí mo pè ló máa ń dáhùn.

Ìyá Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ ló bá mi lọ bẹ Bọ́sẹ̀, ó sì ti pa dà. Ọkọ mi ò dárúkọ ọ̀gá Ore mọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ṣì ń wò mí. Lánàá, Bọ́sẹ̀ ń bẹ ẹ̀gẹ́, kò gbójú sókè.

"Àǹtí Ìyàwó, èmi ńkọ́? Bọ́sẹ̀ ṣáá ni tèmi?"

Mi ò tíì rí èyí tó yẹ ẹ́. Kí lẹ̀ bá pè é, Màámi?

Èmi náà, Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè mí. Orúkọ tí ẹ fi máa ń rẹ̀ mí lẹ́kún, kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Mò ń rò ó pé kí n sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ṣé kí n sọ ọ́?

Èmi ni, ọmọ yín onítìjú, tó ṣì ń retí pé ẹ máa pe òun.