Ètò Kọ̀ǹpútà fún Ìdí Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Èmi nìkan ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìgànná. Àwọn mẹ́ta tí a jọ ń kọ́ ìṣirò owó nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Ṣakí, tó yẹ ká jọ ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wa yìí, kò gbé ìpè mi.

Mo fi ètò kọ̀ǹpútà tí mo ṣe han àwọn obìnrin tó ń lọ ẹ̀gẹ́: kí wọ́n má tò sídìí ẹ̀rọ mọ́, fóònù á pe ẹni tó bá kàn nílé.

Ìyá Ràṣídà, àgbà wọn, rẹ́rìn-ín. "O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Tí kálukú bá jókòó sílé, níbo la ó ti máa rí ara wa?"

Olùkọ́ ní ká kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Mi ò béèrè.

Wọ́n fún mi ní àpótí, mo jókòó bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Ìyá Ràṣídà bi mí bóyá mo ti jẹun. Látìgbà tí mo ti dé Ṣakí, ẹnìkan ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.