Káàdì Ìyá Rẹ Ń Béèrè Nọ́ńbà

Àbígbẹ̀yìn,

Ẹ̀gbọ́n rẹ pè láàárọ̀ yìí láti òkè òkun tí òun àti ìyá rẹ wà. Àwọn dókítà kò ní ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ àfi bí a bá sanwó, ẹ̀rọ wọn sì kọ káàdì báńkì rẹ̀. Ìfọwọ́sí ni ó fi ń gbowó ní báńkì níhìn-ín. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń béèrè lọ́hùn-ún, ìyá rẹ kò sì lè lahùn láti àná. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti fi àbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá tún ṣì í tẹ̀, ẹ̀rọ yóò ti káàdì náà pa.

Mo ní kí ẹ bi báńkì léèrè nípa káàdì náà ṣáájú ìrìn-àjò ìyá rẹ. Ẹ ní àròyé àgbà ni. Báńkì náà ni mo gbà lọ báyìí.

Ìyá rẹ kò sọ nọ́ńbà náà fún èmi ọkọ rẹ̀ rí. Bí ó bá sọ ọ́ fún ọ, má wojú mi. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ kí o tó sọ àpò kalẹ̀.