Fíláàṣì Àtijọ́ Bàbá Mi

Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Kámẹ́rà tuntun tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ti jóná. Ẹ gbé fíláàṣì àtijọ́ yín, iná tí ẹ fi ń ya fọ́tò, lé e lórí, agbára mànàmáná inú rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí kámẹ́rà náà lè gbà lọ. Ẹ̀yin mọ̀, Màmá mọ̀, àbúrò mi tó tú àṣírí náà fún mi mọ̀; èmi tí mo rà á nìkan ni ẹ fi pamọ́ fún. Mi ò bínú. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, wọ́n kàn tún sún ìsinmi mi síwájú ni.

Ẹ dá fíláàṣì yẹn padà sórí kámẹ́rà onífíìmù yín tó mọwọ́ rẹ̀. Ẹ ya Màmá, kí ẹ fọ fọ́tò náà, kí ẹ fi ránṣẹ́. Ògiri yàrá mi ṣófo. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní kí wọ́n má dijú bí iná bá kọ. Ojú wọn ni mo fẹ́ rí kí oṣù yìí tó parí.