Lórí Ọ̀rọ̀ Lásárù àti Ẹ̀wù Òtútù Ọkọ Rẹ

Moṣọpẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Manchester tí ibi iṣẹ́ rán ọ lọ? Ọlọ́run tó mú ọ lọ yóò mú ọ bọ̀ sí Dagenham láyọ̀, a ò ní wá ọ tì. Èmi náà wà dáadáa nínú ilé rẹ. Ẹni tí o fi sínú agogo ẹnu ọ̀nà tó ń fi ojú dígí wo èèyàn náà ń bẹ, mo máa ń kí i láràárọ̀, ṣùgbọ́n kì í dáhùn, bóyá wọn ò kọ́ ọ nílé. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, o ó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí gba sùúrù.

O ní kí n má ṣe sún mọ́ òyìnbó tó ń sùn lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù tó ti kógbá sílé ní Heathway, pé irú wọn ń mugbó, wọ́n ń yọ ọ̀bẹ. Mo gbọ́ràn. Bí mo bá ti rí i, màá há báàgì mọ́ abíyá, màá sọdá sí òdìkejì, màá máa ka Sáàmù lábẹ́ ahọ́n.

Àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí yìnyín bolẹ̀, tí mo gbọ́ tó ń wúkọ́ bí ajá tí eegun há sí lọ́fun, tí gbogbo ayé sì ń yà fún un bí ẹni ń yà fún ẹrọ̀fọ̀. Ọmọ mi, nílé wa l'Ékìtì, ṣé a máa ń jẹ́ kí àlejò sùn síta? Mo padà sílé, mo po ògì gbígbóná. Mo gbé e lọ bá a. Mo gbé e sílẹ̀ lókèèrè, mo fi èdè wọn ní "Ìtì, ìtì," pé kó jẹ ẹ́, mo sì fẹ́ sá. Ni ó bá béèrè orúkọ mi. Mo ní Àmọ̀kẹ́. Ó ní Lásárù ni òun ń jẹ́.

Háà! Mo rántí ọlọ́rọ̀ inú Bíbélì tó fi Lásárù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ àti ibi tó bá ara rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Èmi ò ní tọrọ omi nínú iná o. Mo sáré délé, mo mú ẹ̀wù òtútù dúdú tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi wọ̀ ọ́. Ká má parọ́, ó bá a mu ju bó ti bá ọkọ rẹ mu lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Akíndúró tó ń gbé tùràrí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, pé kó bá mi pe àwọn tó ń wá ilé fún irú wọn. Ó ní òun ò fẹ́ wàhálà, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi fà á. Mo ní sùtánà rẹ̀ funfun lóòótọ́, inú rẹ̀ ńkọ́? Ojú tì í. Ó tẹ fóònù, ó ní òun ti fi ibi tí Lásárù wà ránṣẹ́. Mo ní ṣé a ò ní kọ́kọ́ dì í bí ẹrù ni? Àṣé èèyàn ni yóò wá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Catherine ló wá, ó jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì mú un lọ sí yàrá kan ní Barking. Ìgbà díẹ̀ ni o, ikọ́ náà ò sì tíì lọ, ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn. Akíndúró fúnra rẹ̀ ló gbé ọbẹ̀ mi lọ fún un lọ́jọ́ Ìsinmi. Ata fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, síbẹ̀ ó lá àwo.

Jọ̀wọ́, fowó ránṣẹ́ kí n ra ẹ̀wù mìíràn kí Adéyanjú ọkọ rẹ tó ti Nàìjíríà dé. Má fi sínú káàdì o, mo ń rí i tí wọ́n ń fi káàdì kan ẹ̀rọ, mi ò rí i kí owó jáde nínú rẹ̀ rí.

O ò ní ṣe aláìnílé. Ìlú tí o bá dé tí wọn ò mọ̀ ọ́, àní ẹni tí ẹ̀rù rẹ ń bà yóò ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àmọ̀kẹ́