Nítorí Náìsì Tí Ayọ̀ọlá Pè Mí

Atikòrí, Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ànúolúwa ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà l'Ékòó tí kì í sùn yẹn? Àwa náà ń bẹ láyé níbí, Olúwa kò jẹ́ kí òjò gbé òrùlé wa lọ, àdúrà ìyá ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò fojú kan oorun. Lẹ́tà ni mo fi ránṣẹ́, torí tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gbọ́, wọ́n á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ Ayọ̀ọlá, àfẹ́sọ́nà ẹ, ni. Nígbà tó gbé iṣu wá kí mi, ó ní mo náìsì gan-an. Inú mi dùn, mo sì ń sọ ọ́ káàkiri Òjòwò pé èmi náìsì, àfi ìgbà tí mo sọ ọ́ fún Akóredé, ọmọ Sàláwù télọ̀, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè. Ó ní òun mọ orírun ọ̀rọ̀ yẹn, pé nígbà tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ ń lò ó, aláìmọ̀kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, òmùgọ̀ pọ́ńbélé. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo ti wọ bàtà.

Mo di iṣu náà sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di Òkè-Àgbò, nílé Ezra, bàbá Ayọ̀ọlá. Mo dà á sílẹ̀ ní pálọ̀ wọn, mo ní kí wọ́n wá ọmọ aláìmọ̀kan mìíràn fẹ́, pé ìgbéyàwó ti tú ká. Ezra ń wo iṣu, ó ń wò mí.

Mo délé, mo bá Akóredé níwájú ìyá ẹ. Ó ní èyí tí mi ò dúró gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà ti yíwà padà tipẹ́tipẹ́, ẹni dáadáa ló ń jẹ́ báyìí. Mo bi í pé ṣé ọ̀rọ̀ náà lọ ṣe ìdáǹdè ni. Ìyá ẹ wò mí, ó ní bí ẹnìkan bá tiẹ̀ pè mí ní aláìmọ̀kan, èmi náà ti gun ọ̀kadà lọ jẹ́rìí sí i.

Ojú tì mí, ọmọ mi. Mo padà lọ bẹ̀ wọ́n, mo bá wọn nídìí iyán, wọ́n ti gún iṣu náà. Ezra bu tèmi, ó ní kí n jókòó, pé ọmọ ẹni tó mọ iyì ara ẹ̀ tó báyìí lòun fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí, ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ ni kò jẹ́. Ìgbéyàwó ṣì dúró.

Jọ̀ọ́, fi owó ewúrẹ́ kan ránṣẹ́ kí n fi tọ́jú àwọn àna wa, ṣùgbọ́n má fi sí báńkì, torí ẹ̀rọ ara ògiri wọn ń bi mí ní nọ́ńbà àṣírí tí mi ò tíì sọ fún ìyá ẹ pàápàá. Kí Ayọ̀ọlá sì máa fi Ìjẹ̀bú yìn mí, mo mọ bàbá àti ìyá gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ilé ẹ á tòrò. Ọkọ ẹ ò ní pè ọ́ lórúkọ tí wàá máa wá ìtumọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Èmi ni bàbá ẹ,
Olúsànyà.