Kéèkì Oníhò Tí Díákónì Jẹ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé n kò kọ̀wé sí yín láti ìgbà tí ẹ ti lọ. N kò ní ìròyìn kankan tó yẹ kí n fi yọ yín lẹ́nu níbi tí ẹ wà. Lónìí mo ní. Mo ti gbẹ̀san yín lára Díákónì, páànù kéèkì yín ni mo sì fi gbà á.

Mo ti di tìṣà ní Ẹ̀fọ̀n báyìí. Ìdáná ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Òkè ibẹ̀ ń dá mi lórúnkún, ṣùgbọ́n mo máa ń wá sílé sí Aramọkọ ní ọjọ́ Jímọ̀. Inú síńgílẹ́ẹ̀tì yín àtijọ́ ni mo ń di páànù náà sí, kí ó má baà dípẹtà. Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe fi yín rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ ti Kutọnu dé? Ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ fi ń dáná ní ilé oníṣòwò Faransé, ẹ kò mú kẹ̀kẹ́ bọ̀, ẹ kò mú ẹ̀rọ orin bọ̀, àfi páànù tó lu láàárín, tí kéèkì inú rẹ̀ ń jáde bí òrùka. Wọ́n ní ọkùnrin wo ló ń lọ kọ́ oúnjẹ sísè nílẹ̀ àjòjì. Ẹ fi páànù náà se kéèkì fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́, ẹ̀rín tán. Ọtí líle ni àwọn Faransé ń dà sórí tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ìjọ, oyin tí a fún ọsàn sí ni ẹ ń dà sórí tiyín.

Títí di òní, n kì í fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ nínú ilé ìdáná tí ìyẹ̀fun bá ń wú, kí ó má baà rọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ ó fi ẹ̀yìn ìka kàn án jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àgbà, ẹ ó sì tẹ etí sílẹ̀. Kí lẹ máa ń gbọ́? Mo ti tẹ etí tèmi títí, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Yíìsì inú agolo, láti Ìbàdàn ló ń wá. Bí kò bá sí, ẹ ó lọ bá ẹlẹ́mu ní àárọ̀ kùtù, ẹ ó gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ akèrègbè, ìyẹn a sì gbé fúláwà wú bí ti òyìnbó. Gbogbo àdúgbò ló ń jẹ búrẹ́dì tí ẹ ń fi í ṣe, Díákónì ni àkọ́kọ́. Ní ọdún òmìnira, ní ọ̀sẹ̀ Ìkórè, ló rí yín pẹ̀lú akèrègbè lójú ọ̀nà Ìlọ́gbò. Kò bi yín. Ó dúró de ọjọ́ Ìsinmi. Níwájú gbogbo ìjọ, tí ẹ gbé kéèkì Ìkórè lọ́wọ́, ó ní ọ̀mùtí gbé àjẹkù ọtí wá fún Ọlọ́run. Ó ní kí wọ́n da á sóde. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́ níṣojú mi. Ẹ lanu láti ṣàlàyé, ó ní kí ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ sì pa á mọ́.

Èyí ni n kò tíì lóye, Bàbá. Kí ló dé tí ẹ dákẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ lè bá awakọ̀ jiyàn láti ibí dé Ìkógòsì lórí ẹrù iṣu kan ṣoṣo!

Ẹ mọ òfin ìjọ wa. Ẹni tí ẹmu bá kan ètè rẹ̀, lọ́nà yòówù, oṣù mẹ́fà ni yóò jókòó lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, nídìí ilẹ̀kùn. Ẹ jókòó oṣù mẹ́fà, ẹ kò sì dìde níbẹ̀ mọ́. Ẹ kò se kéèkì mọ́. Nígbà tí ẹ kú, Díákónì ní a kò gbọdọ̀ sin èrò bẹ́ńṣì ẹ̀yìn sí ilẹ̀ ìjọ. Ẹ̀yìnkùlé la sin yín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò búrẹ́dì yín. Mo bu yẹ̀pẹ̀ lé yín lórí, mo sì sọ fún yẹ̀pẹ̀ náà pé Díákónì yóò jẹ kéèkì náà. Ṣé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ náà?

Lọ́dún yìí, Díákónì fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí mi ní Ẹ̀fọ̀n. Ó ní òun gbọ́ pé ọwọ́ mi dára, kí n se kéèkì fún tábìlì àwọn àgbà ní ọjọ́ Ìkórè. Ó rò pé ó ti tán. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Agolo yíìsì tuntun wà nínú àpótí mi, n kò tilẹ̀ ṣí i. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́mu yín ni mo gbà lọ. Mo po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́ fúláwà, mo fọ́ ẹyin mẹ́fà sí i, mo fi bọ́tà sí i, mo pò ó títí ó fi ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Mo bò ó, mo rọra rìn. Nígbà tó wú dé etí páànù, mo gbé e sínú ìkòkò irin, mo kó ẹyín iná sórí ìdérí bí ẹ ti ń ṣe. Ó pọ́n dáadáa. Mo fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri, mo ń da oyin àti omi ọsàn sí i díẹ̀díẹ̀, inú mi ń dùn bí ẹni ń pọ́n idà.

Ní ọjọ́ Ìkórè, àgbà ìjọ ló ń kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wò kí ó tó kan àwọn yòókù. Díákónì bu ẹyọ kan, ó di ojú. Ó bu èkejì. Ó bu ẹ̀kẹta, àwọn àgbà yòókù ń wò ó, ó sì fa àwo sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní kí n di ìyókù fún òun lọ sílé. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi.

“Ẹ ṣé, sà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu ló gbé e wú, bí bàbá mi ti máa ń ṣe é.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Oyin ń kán sórí agbádá. Pásítọ̀ wa tuntun, ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ yín, ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí wọn kò jẹ́ kí ẹ sọ: pé wúwú ni ẹmu wà fún, pé iná ti lé ọtí lọ kí ó tó jinná. Ó wá yíjú sí Díákónì. Ó ní bí kì í bá ṣe ọtí, kí ó dìde ní ọjọ́ Ìsinmi kí ó wẹ orúkọ olóògbé mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọtí, ó mọ ìjókòó rẹ̀. Bàbá, ọkùnrin náà yan bẹ́ńṣì! Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn ju kí ó pe orúkọ yín dáadáa lọ. Ojú ibi tí ìdí yín ti jẹ igi náà ló jókòó sí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn, n kò sì tíì tọrọ ìdáríjì náà tọkàntọkàn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyàwó rẹ̀ wá. Ó ní baba kò jẹun mọ́, ojú àwọn ènìyàn ti pa á. Ó bẹ̀ mí kí n lọ sọ fún Pásítọ̀ pé mo ti dárí jì í, kí wọ́n jẹ́ kí ó kúrò níbẹ̀. Mo ní kì í ṣe èmi ni wọ́n dá lẹ́bi. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, kí ó wá bi yín.

Lónìí tí mo dé, mo rí ojú ọ̀pá ìtilẹ̀ Díákónì nínú ẹrẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi ààrò, ó sì yí padà níbẹ̀. Kò tíì lè débi tiyín. Yóò tún wá. Bí ó bá dé, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ yín, Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ó ti ní kí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà.

Ẹ pa ẹnu mọ́.

Èmi ọmọ yín tó ń rọra rìn nínú ilé ìdáná yín.